Dísìkì kámẹ́rà yín ń tètè kún? Ẹ dín Bit Rate kù kí ẹ tó ra òmíràn

Ẹ̀yin ará Adó àti Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ fi kámẹ́rà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ inú abala ètò tí wọ́n ń pè ní Encode lórí DVR yín (ẹ̀rọ tó ń gba fídíò kámẹ́rà sílẹ̀), ẹ yí H.264 sí H.265 (ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà fún fídíò pọ̀ ni wọ́n, H.265 ló ń fún un pọ̀ jù), kí ẹ sì dín Bit Rate kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan (iye dátà tó ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kù láti 4096 sí 2048 kb/s. Dídín Bit Rate kù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá yí sí H.265 nìkan, tí CBR (Bit Rate tí kì í yí padà) ṣì wà ní 4096, iye dátà kan náà ni ẹ̀rọ yóò máa kọ sílẹ̀. Àwòrán lè mọ́ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n àyè kankan kò ní ṣẹ́kù. Kámẹ́rà 4 tó ń ká tọ̀sán tòru ní 4096 máa ń mú kí dísìkì 1TB kún láàárín ọjọ́ 5 sí 6. Ní 2048, ó ń tó nǹkan bí ọjọ́ 11. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí bí dísìkì bá ti kún, fídíò tó pẹ́ jù ni DVR ń pa rẹ́ láti kọ tuntun. Kámẹ́rà tó kọjú sí géètì tí iná kò sí lálẹ́, ẹ fi tirẹ̀ sí 3072, torí òkùnkùn máa ń mú kí àwòrán kún fún àmì tíntìntín tó ń jẹ dátà. Ohun kan wà o: fóònù àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ mìíràn kì í ṣí H.265. Ẹ jẹ́ kí Sub Stream (fídíò kejì tó fúyẹ́ tí DVR ń fi ránṣẹ́) wà ní H.264 fún wíwò lórí fóònù, kí ẹ sì fi áàpù VLC ṣí fídíò tí ẹ bá kó sórí fláàṣì.