Bá a ṣe lè ṣe sáńwíìṣì oníṣíìsì tó gbọ́ sùyà nílé

Búrẹ́dì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó o, ẹ fi ti ṣíìsì sílẹ̀ ná. Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láàárọ̀, tó ṣì ń gbóná, ẹ̀wà àgànyìn nìyẹn wà fún, torí ó ti rọ̀ jù, tọ́bẹ bá ti kàn án báyìí á fún pọ̀, tẹ́ ẹ bá tún ní kẹ́ ẹ fi bọ́tà pa á á máa ya. Ẹ rà á lónìí, kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá, ó di ọ̀la kẹ́ ẹ tó lò ó. Tẹ́ ẹ bá ń gé e, kí ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìka kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ á ti jóná kí ooru tó dé inú. Ti onígígé náà ṣe é lò sha, àmọ́ inú Agége ki ju tiẹ̀ lọ, ṣíìsì kì í ráyè jò níbẹ̀.

Ó wá kan ṣíìsì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa ní ṣebí wàrà wà, kí la fẹ́ ná owó súpámákẹ́ẹ̀tì sí? Wàrà ò lè ṣe é jàre. Orí iná ni wọ́n ti ń fi ewé bọmubọmu sọ mílíìkì di wàrà, ìdí nìyẹn tá a fi ń rí i dín nínú òróró tí ò sì tú, tẹ́ ẹ bá fi sáàárín búrẹ́dì ńṣe lá jókòó bó ṣe wà. Oríṣi ṣíìsì méjì, cheddar àti mozzarella, ni kẹ́ ẹ pò pọ̀, kí cheddar tó ìlọ́po méjì mozzarella, cheddar ló ládùn, mozzarella ló ń fà bí ilá. Cheddar tó ti gbó gan-an tún máa ń da epo sílẹ̀ tó bá gbóná, ẹ má jẹ́ kó dá wà. Ẹ ra odidi kẹ́ ẹ rin ín fúnra yín, torí èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá, wọ́n ti fi sítáàṣì bò ó kó má baà lẹ̀ mọ́ra, kì í yọ́ dáadáa. Kékeré ni kẹ́ ẹ rà o, iná ìlú yìí ò ṣe é gbọ́kàn lé, owó ṣíìsì kì í sì í ṣe owó tá a máa fi ṣòfò nínú fíríìjì.

Sùyà ló wá máa sọ ọ́ di oúnjẹ ọlọ́lá. Èyí tẹ́ ẹ rà ní Ọ́báléńdé lálẹ́ àná tó ṣẹ́ kù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bu yájì ẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ gé àlùbọ́sà kan, kẹ́ ẹ fi bọ́tà díẹ̀ yan án lórí iná jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 títí á fi pọ́n tá á sì dùn bíi pé ẹ fi ṣúgà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí Maggi níbẹ̀ o, mo mọ̀ yín, iyọ̀ wà nínú ṣíìsì, ó wà nínú sùyà.

Ẹ to ṣíìsì sísàlẹ̀, sùyà àtàlùbọ́sà láàárín, ṣíìsì mìíràn lókè kó lè di búrẹ́dì méjèèjì mú. Ẹ̀yìn búrẹ́dì lẹ máa fi bọ́tà pa, kì í ṣe inú páànù. Máyónéèsì náà ń ṣiṣẹ́ yẹn, òróró àtẹyin tó wà nínú ẹ̀ ń jẹ́ kó pọ́n dọ́gba.

Iná ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ìkánjú ò wúlò níbí rárá, ẹ mú un wálẹ̀ pátápátá, táa bá ní iná kékeré, kékeré náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo gáàsì kékeré tójú iná wà lórí ẹ̀, tíná ẹ̀ kì í fẹ́ wálẹ̀, páànù tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ máa gbé e kúrò lórí iná lóòrèkóòrè. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ kí ooru lè wọ ṣíìsì, lẹ́yìn náà ẹ fi ṣíbí pẹlẹbẹ ṣí i wò, tó bá ti pọ́n ẹ yí i, ẹ má dé ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè gan.

Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ṣíìsì á dà sínú àwo. Tọ́mọ bá máa gbé e lọ síléèwé, bébà ni kẹ́ ẹ fi wé e, torí nínú ọ̀rá á làágùn, gbogbo gígan yẹn á sì rọ̀.