Mo Ṣí Ojú Ìwé Kan fún Ara Mi

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méje alẹ́, ìjókòó ni mo wà, ẹsẹ̀ á máa tẹ máṣíìnì. Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo sin ìyá ọkọ mi lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì ní kí èmi náà jókòó kí òun yẹ BP mi, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wò. Ó yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. "Mummy, 158 lórí 96 nìyí o. Ẹ má lọ sílé láì rí dókítà." Tó bá ti ń tó 140 lórí 90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Orí ò fọ́ mi, òòyì ò kọ́ mi, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí.

Dókítà kọ oògùn fún mi, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn, kí ara mi sì fúyẹ́ díẹ̀.

Ìkánjú ló kọ́kọ́ mú mi. Ìyàwó àbúrò mi máa ń sáré ní ìdájí, kì í jẹ ẹ̀bà. Mo ní ohun tó ń ṣe ni èmi náà máa ṣe, kí n fi kílò mẹ́wàá sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Lọ́jọ́ kẹrin, orúnkún mi wú. Lọ́jọ́ kẹfà, ebi tí mo ti mú mọ́ra láti àárọ̀ jẹ́ kí n jẹ àmàlà ẹni méjì lálẹ́. Mo jáwọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni oníbàárà kan gbé bùbá wá pé kí n bá òun tú u. Ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ẹni tó rán an lò. Apá fún un, èjìká ń já bọ́. Bí mo ṣe ń tú okùn yẹn, ọ̀rọ̀ ara mi sọ sí mi lọ́kàn. Mo fa ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí jáde, mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ "Èmi" sí òkè rẹ̀. Mo fi téèpù yí ikùn mi ká: ínṣì 41. Dókítà ti sọ pé bí ti obìnrin bá ti kọjá 35, ewu àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ń pọ̀ sí i.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi yí ohunkóhun padà. Mo kàn ń kọ ohun tí mo ń ṣe sílẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni àṣírí ti tú. Mo ti máa ń sọ pé mi ò kì í jẹ iyọ̀. Àṣé mágì mẹ́fà ni mo ń jù sínú ìkòkò ọbẹ̀ kan, yàtọ̀ sí ṣíbí iyọ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ohun tó ju ìdajì mágì lọ, iyọ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀.

Mo wá mú mágì wá sí méjì, iyọ̀ sí ṣíbí kan. Mi ò yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí ìkòkò kan náà ni bàbá àwọn ọmọ mi àti ìyá rẹ̀ ń jẹ. Irú, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ ló dí àlàfo rẹ̀. (Mo máa ń tọ́ irú wò lọ́jà kí n tó rà á, àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i.) Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kùn. Lẹ́yìn náà ni ẹnu wọn bá a mu.

Ti ìrìn, ìdájí kì í ṣe tèmi: omi ń bẹ láti pọn, ọmọ ń bẹ láti múra fún. Mo pa ọ̀kadà tì. Ìṣẹ́jú 15 ni mo fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, 15 ni mo fi ń bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún jẹ́ ìṣẹ́jú 150, èyí tí wọ́n ní kí àgbàlagbà fi rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí fi ṣe irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, mo wọ ọ̀kadà, mi ò bínú sí ara mi.

Mo ra ẹ̀rọ BP. Níbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ṣe ń dìde nídìí máṣíìnì, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tán, ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, á sì ga gan-an. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi: kí n tọ̀ tán, kí n fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, kí n má sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Àìkú ni mo ń ṣe é. Oògùn ńkọ́? Àràárọ̀ ni mò ń lò ó, mi ò fò ó rárá.

Lópin oṣù kẹta, 134 lórí 84 ni mo kọ sílẹ̀, ikùn sì di ínṣì 39. Dókítà ní kí n máa bá a lọ. Mo ti kọ ìpinnu mìíràn sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà: bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ pọ̀, kí máṣíìnì má kọjá aago mẹ́wàá alẹ́. Lánàá, wọ́n gbé aṣọ ẹbí ènìyàn 24 wá, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀sẹ̀ méjì ni." Wọ́n gbà.