Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń fi ImageJ wọn ewé àti sẹ́ẹ̀lì

Bí àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti dé ní Adó àti Ọ̀yẹ́, ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn nǹkan nínú àwòrán, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń sá tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Wayne Rasband ló ṣe é ní NIH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní 1997. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tó daṣẹ́ rú, kí àwòrán tó dénú ImageJ ló ti bàjẹ́.

WhatsApp ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ẹnì kan á ya ewé ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù. WhatsApp á sì fún fọ́tò náà kéré. Ká ní ó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 4000 (píkísẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), tí mílímítà 1 jẹ́ píkísẹ́lì 40. Bó bá dé ọ̀hún ní 1600, mílímítà 1 ti di píkísẹ́lì 16. Ẹni tó bá ṣì kọ 40 sínú Set Scale, níbi tí a ti ń sọ iye píkísẹ́lì tó wà nínú mílímítà kan fún ImageJ, ewé tó gùn ní mílímítà 60 á di 24 lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé bí ewé ṣe fẹ̀ tó lápapọ̀ ló ń wá, iye tó yẹ kó rí fi ìlọ́po 6.25 ju èyí tó rí lọ. Kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí wọnú nìyẹn: iye kóńgò pé, gààrí ò pé. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kò ní fọwọ́ kàn án. Fúláàṣì tí a ń kó fáìlì sí náà dáa, bí kò bá ti kó fáírọ́ọ̀sì ká gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ẹ ṣọ́ra fún àpótí Global nínú Set Scale. Bí ẹ bá ti fàmì sí i, ìwọ̀n kan náà ló máa lò fún gbogbo àwòrán, títí kan èyí tí ẹ fi lẹ́ǹsì mìíràn yà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa fẹ̀ tó máíkírómítà 7 sí 8. Bí tiyín bá jáde ní 19, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì wá orúkọ àìsàn fún un.

Ẹ má fi ojú yan threshold, ìyẹn ààlà ìmọ́lẹ̀ tó ń ya ohun tí à ń wọn kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, pàápàá tí ẹ bá ti mọ èyí tó jẹ́ ti aláìsàn. Ọwọ́ á máa fà sí ibi tí ọkàn fẹ́. Ẹ mú ọ̀nà kan, bíi Otsu tó ń fi ìṣirò yan ààlà náà fúnra rẹ̀, kí ẹ lò ó fún gbogbo wọn. Iná tí ẹ fi yà wọ́n náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan: kí ti àárọ̀ má jẹ́ ti ojú fèrèsé, kí ti alẹ́ wá jẹ́ ti gílóòbù jẹnẹrétọ̀.

TIFF ni kí ẹ fi tọ́jú àwòrán yín, kì í ṣe JPEG, nítorí JPEG máa ń ju díẹ̀ nínú àwòrán nù kí fáìlì lè kéré.

Watershed, àṣẹ ImageJ tó ń fi ìlà gé ohun tó lẹ̀ mọ́ra, dára fún yíya sẹ́ẹ̀lì roboto tó fara kanra. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ó lè gé sẹ́ẹ̀lì gígùn tó tẹ̀ bíi dòjé sí méjì, kí èyí tí ẹ ń wá gan-an má sì sí nínú èsì mọ́. Ẹ wo àwòrán tó gé náà fúnra yín kí ẹ tó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.