Kìlómítà 32 láti Òkè-Fíà: eré tó gùn jù lọ tí mo sá kí n tó lọ sí Èkó

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, mo sá kìlómítà 32 láti ilé mi ní Òkè-Fíà, lójú títì Gbọ̀ngán, níbí ní Òṣogbo. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n sá márátọ́ọ̀nù ìlú Èkó, mi ò sì sá irú ẹ̀ rí láyé mi. Aláró ni mí, ìyá ìbejì. Mo ń kọ èyí nígbà tó ṣì tutù lọ́kàn mi, torí mo mọ̀ pé àwọn obìnrin bíi tèmi wà tó ń rò ó bóyá ara àwọn á gbà á.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé kí ló dé tí mi ò sá gbogbo ẹ̀ kí n fi mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni márátọ́ọ̀nù, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n fún eré Olympics ní London lọ́dún 1908 nìyẹn. Ẹni tó bá sá gbogbo ìyẹn nílé, ara ẹ̀ á pẹ́ kó tó bọ̀ sípò, á wá gbé ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ka eré. Èémí máa ń tètè gbòòrò, àmọ́ iṣan àti eegun kì í yára bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti orí kìlómítà 8 lọ́dún tó kọjá, tí mò ń fi kan tàbí méjì kún un, tí mo sì ń dín in kù lọ́sẹ̀ tó bá rẹ̀ mí.

Bí a ṣe ń rẹ aṣọ ló rí lójú mi. Aṣọ kì í dú nínú aró lẹ́ẹ̀kan. A ó rì í, a ó fà á yọ, á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á wá di aró lójú ẹni báyìí. A ó tún dá a padà sínú ìkòkò. Àkókò tó fi wà níta wà lára iṣẹ́ náà.

Lálẹ́ Saturday, iṣu sísè àti ọbẹ̀ ata tí epo ẹ̀ ò pọ̀ ni mo jẹ, mo sì tètè jẹ ẹ́. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀wà. Bàbá àwọn ìbejì bá mi po omi sínú ike: lítà omi kan, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà tí a fi ọwọ́ nù dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, bí a ṣe ń ṣe é fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Mo di dàbínù mẹ́ta mẹ́ta sínú ọ̀rá. Agogo mẹ́rin ni mo jí, mo jẹ búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti wà lójú títì, àbúrò mi ọkùnrin sì ń gun ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń fi iná ẹ̀ tan ọ̀nà fún mi.

Ọyẹ́ mú jọjọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo so gèlè tínrín mọ́ imú nítorí eruku. Ọlọ́dẹ kan tó jókòó ti iná nítòsí Ògo-Olúwa dìde, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta ló ń lé yín?" Àwọn tó ń lọ kírun Àsùbáà ń kí mi pé ẹ kú eré, Ọlọ́run á fún yín lókun. Mo gba àdúrà wọn, mo sì gbé e dání dé ibi tó ti wúlò fún mi.

Iṣẹ́ tó le jù ní ìdajì àkọ́kọ́ ni kéèyàn má sáré jù. Ara mi yá, ojú ọ̀nà dá, ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ. Àmọ́ ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ fún kìlómítà kan ni mo bá ara mi sọ. Mò ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lọ. Tí mi ò bá ti lè parí gbólóhùn kan láìmí gúlegúle, mo ti ń yára jù nìyẹn, màá rọra. Ní gbogbo ogójì ìṣẹ́jú, bóyá ebi ń pa mí tàbí kò pa mí, mo jẹ dàbínù mẹ́ta, mo mu omi. Ṣúgà tí ara fi pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kì í sábà kọjá nǹkan bí kìlómítà 30 kó tó tán, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti máa ń kọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Téèyàn bá dúró dìgbà tí ebi dé, ó ti pẹ́.

Mo kọjá sẹkitéríàtì ìjọba ní Abẹ́rẹ́ díẹ̀, fóònù tó ń bá mi ka ọ̀nà pe kìlómítà 8, mo yí padà. Èmi fúnra mi ni mo ya ọ̀nà náà báyìí, kí n lè gba iwájú ilé mi kọjá ní kìlómítà 16, kí n sì tún padà lọ. Mo mọ̀ pé ibi téèyàn lè dúró sí máa pọ̀ l'Ékòó. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ara ẹni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń din àkàrà lọ́wọ́, òórùn ẹ̀ ti pàdé mi kí n tó dé. Àwọn ìbejì ń fò ní ẹnu géètì. Màmá mi jókòó sórí àpótí, ó gbá aṣọ òtútù mọ́ra. Ó ní, "Ó tó báyìí. Wọlé wá jẹun."

Mo ní, "Màmá, ó ku ìdajì."

"Ìdajì kí ni?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Mo gba ike omi tuntun lórí ìdúró, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo lọ. Ogún ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn le ju gbogbo kìlómítà tó ṣáájú ẹ̀ lọ.

Nígbà kejì, ọ̀nà ti kún. Kọ́rópe ń fọn fèrè, àwọn aláṣọ funfun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, oòrùn sì ti gun orí mi. Ní kìlómítà 27, pajápajá mú ẹsẹ̀ òsì mi lẹ́yìn ojúgun, ó le gbagidi bí òkúta. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ títì mú, mo na gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi dẹ̀. Mo fọwọ́ nu ojú mi, iyọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, hóró hóró bí gàrí Ìjẹ̀bú, ó funfun lára èékánná mi tí aró ti sọ di dúdú. Ọyẹ́ ń gbẹ òógùn bó ṣe ń jáde, mi ò mọ̀ pé mo ti pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Omi lásán ò sì lè tán ọ̀ràn yẹn, torí téèyàn bá da omi lásán kún ara jù, ṣe ló ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Omi oníyọ̀ ni mo mu, díẹ̀díẹ̀.

Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun ọ̀kadà." Ìfẹ́ ló wà lójú ẹ̀. Mo sunkún díẹ̀. Mo rin igba ìṣísẹ̀, mò ń kà á sókè, òun náà ń kà á tẹ̀lé mi, ó ń ti ọ̀kadà. Nígbà tó pé igba, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bí ẹni tó kàn ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ eré ni.

Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló gbà mí. Màmá ò sí ní ẹnu géètì mọ́. Wọ́n ti gbé àpótí wọn wá sí etí títì, wọ́n ní àwọn ti wà níbẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Wọ́n fi mí jókòó sórí ẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ mi wò láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ bàbá rẹ nìyí. Ìlobùú ló máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ lọ́jọ́ ọjà."

Inú balùwẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ojú rírán kọ́mú ti bó mi lára lábẹ́ apá. Omi kan ibẹ̀, mo kígbe. Mo ti fi Vaseline sí itan, mo sì gbàgbé ibẹ̀. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀ l'Ékòó.

Ní báyìí, kìlómítà 20 ni mo máa sá lọ́sẹ̀ yìí, 12 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ara sinmi. Lánàá, nígbà tí mò ń sá aṣọ sórí okùn, Màmá ní kí n ṣàlàyé ọ̀nà Èkó fún àwọn. Mo ní láti Stadium ní Sùúrùlérè ni, a ó gba orí Third Mainland, a ó sì parí ẹ̀ létí òkun ní Eko Atlantic. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Ibo nínú gbogbo ẹ̀ ni kí n gbé àpótí mi sí?"