Ẹsẹ̀ tó ń dun ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ: ẹ má wọ́ ọ, ẹ má dúró kó kán

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Kubwa ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, wọ́n ti gba kẹ́mò tán, gbogbo ilé ti dúpẹ́. Nígbà tó yá, itan ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Tí wọ́n bá jókòó, ó rọlẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, wọn á di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, wọn á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. A ní làkúrègbé ni. Èmi fúnra mi ni mo wá ìyá tó ń fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ itan náà. Lọ́jọ́ kẹta, níbi tí wọ́n ti ń yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, a gbọ́ "kà!" Wọn ò ṣubú, nǹkan kan ò gbá wọn. Eegun itan ti kán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Jẹjẹrẹ ọmú, ti próstéètì, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti kíndìnrín máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé inú eegun, ó sì lè máa jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé: ìta ṣì dán, inú ti ṣófo. Ìrora tó ń le sí i téèyàn bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, tàbí tó ń jí i lóru, X-ray ló ń fẹ́. Kí wọ́n ya gbogbo eegun náà láti ìbàdí dé orúnkún, kí ẹ sì sọ fún wọn pé aláìsàn ti ní jẹjẹrẹ rí. Títí èsì yóò fi dé, ọ̀pá ni kó fi máa rìn. Kó má gun ọ̀kadà.

Àwọn mìíràn á ní ká gbé e lọ sí Ìlọrin, lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja nìkan tó láti kán eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ.

"Kò tíì kán, kí la fẹ́ máa là á fún?" Ọ̀rọ̀ yìí ń ba àwọn èèyàn jẹ́. Láti ọdún 1989 ni àwọn dókítà eegun ti ń lo ìwọ̀n Mirels: ibi tí àrùn wà, bó ṣe ń dùn tó, bó ṣe tóbi tó, àti bó ṣe rí nínú X-ray. Máàkì 12 ni gbogbo rẹ̀. Tó bá ti pé 9, wọ́n máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi irin dè é kó tó kán. Wọn ò sì ní la ẹsẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ojú kékeré ni wọ́n ń gbà ti irin gígùn bọ inú mùdùnmúdùn eegun itan, wọ́n á sì fi skrúù há a. Tó bá jẹ́ eegun ìbàdí tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n lè gba awọ ara ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n máa wo ọ̀nà nínú X-ray, kí wọ́n sì fa sìmẹ́ǹtì eegun sí i. Kì í pẹ́ tó fi ń le. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n rí, tí kò dájú pé jẹjẹrẹ àtijọ́ ni, kí wọ́n kọ́kọ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ inú eegun gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, irin yẹn lè tàn án ká.

Irin ò pa jẹjẹrẹ o. Ìtọ́jú ìtànṣán (radiotherapy), irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní National Hospital ní Àbújá níbí, ṣì máa ń tẹ̀ lé e. Ìtànṣán nìkan kì í mú eegun le lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba ọ̀sẹ̀, kódà oṣù.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dùn, tí ẹsẹ̀ méjèèjì wá ń rọ tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ alẹ́.

Itan ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi tó ti kán, ó pẹ́ kí wọ́n tó lè fi tẹlẹ̀. Wọ́n ya tòsì náà, wọ́n sì rí i pé àrùn ti wà níbẹ̀. Wọ́n ki irin bọ̀ ọ́ kó tó kán. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di férémù mú, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù wá pàdé mi.