Détì àkọ́kọ́ n'Ífẹ̀: bá a ṣe ń ṣe é, àti bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣọ́ ọ̀rẹ́

Láyé àwọn ìyá wa, kí ọmọkùnrin tó dénú ilé bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀, alárinà á ti lọ, á ti bọ̀, á ti bi àwọn aládùúgbò ọmọ ta ni, ṣé kì í lu obìnrin, ṣé kì í ṣe jàgùdà, ṣé àìsàn burúkú ò sí nílé wọn. Lónìí Facebook ló ń ṣe alárinà, kò sì wádìí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yẹn ti já lé ọ̀rẹ́ ẹ léjìká nìyẹn, ìwọ náà á sì ṣe é fún un tó bá kàn án, tẹ́ ẹ bá sì ṣe é dáadáa kò ní ba détì jẹ́ rárá, òun gan-an ló máa jẹ́ kó o lè fọkàn balẹ̀ jókòó.

Kẹ́ ẹ tó pàdé, ẹ ṣe fídíò kọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹni tí kámẹ́rà ẹ̀ máa ń bàjẹ́ nígbàkigbà tó o bá ní kó tan án, àmọ́ tó ń fi fọ́tò tuntun ránṣẹ́ láràárọ̀, jọ̀ọ́, kí ló fi ń yà á? Ju fọ́tò ẹ̀ sí Google Lens tó ń bá èèyàn wá fọ́tò kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wò ó bóyá ó ń jẹ́ orúkọ míì níbòmíì. Tó bá ní OAU, yunifásítì Ifẹ̀, lòun wà, bi í ní dípátímẹ́ǹtì, wàá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, Ifẹ̀ ò tóbi tó báyẹn. Wọ́n lè pè ẹ́ ní àmẹ́bọ, kò burú. Bi í ní jẹ́nótáìpù náà, kò tíì yá jù, nítorí AS méjì tó bá fẹ́ra wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ìdá 1 nínú 4 ló wà pé ọmọ yẹn á jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn sickle cell, ó sì sàn kẹ́ ẹ sọ ọ́ nígbà tí ìfẹ́ ò tíì wọra. Ẹni tí ò tíì fojú kàn ẹ́ tó ń bèèrè owó dátà, owó ọsibítù màmá, owó ṣájì, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń gba owó ọkọ̀ tẹ́ ò ní wá, olè lẹ̀ ń jà, ẹ má pè é ní nǹkan míì.

Ó wá kan ọ̀rẹ́. Ẹnì kan ni kó o yàn, má gbé e sórí grúùpù, torí nínú grúùpù kálukú á rò pé ẹlòmíì ló ń wò ó. Fún un ní orúkọ ẹni tó o fẹ́ lọ rí, nọ́ńbà ẹ̀, fọ́tò ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ pàdé, àti aago tó o máa kúrò. WhatsApp ní live location tó máa ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ rí ibi tó o wà, ó máa bi ẹ́ bóyá ìṣẹ́jú 15 ni, wákàtí 1 ni, àbí wákàtí 8, mú wákàtí 8, o lè pa á nígbà tó o bá délé. Kẹ́ ẹ sì ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, bíi “ṣé o ti gbé ẹ̀wà kúrò lórí iná?”, tó bá ti rí i kó pè ẹ́ kíákíá kó máa pariwo pé wọ́n ń wá ẹ nílé.

Ọ̀rẹ́ tí wọ́n yàn, iṣẹ́ ẹ nìyí o: má sùn. Tí aago bá kọjá tí o ò gbọ́ nǹkan kan, pè é, kò gbé e, pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà pe nọ́ńbà ẹni tó lọ bá, jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé ẹnì kan mọ ibi tí wọ́n wà. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá lójú, mú èèyàn dání lọ síbẹ̀, má dá lọ, kẹ́ ẹ sì pe 112.

Ibi tí èèyàn pọ̀ sí ni kẹ́ ẹ ti pàdé, lọ́sàn-án. Ilé oúnjẹ kan ní Lágere dáa, inú kámpọ́ọ̀sì dáa, ẹ tiẹ̀ lè lọ wo ère Mọrèmi láàfin Ọ̀ọ̀ni, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, ẹnikẹ́ni ò lè ní òun ṣìnà débẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ìsun omi Olúmirìn ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà fún ọjọ́ àkọ́kọ́ o, ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpele 7 ló ní, kí ìwọ àti ẹni tó ò mọ̀ rí máa gun òkè nínú igbó, kí nìdí? Ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá mọra, kẹ́ ẹ sì kó àwọn ọ̀rẹ́ dání. Má jẹ́ kó wá gbé ẹ nílé lọ́jọ́ yẹn, ìwọ fúnra ẹ ni kó o wọkọ̀ lọ, kí owó ọkọ̀ àbọ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ yàtọ̀ sí tàkáǹtì, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì lè kú nígbàkigbà. Tó bá jẹ́ Iléṣà lo ti wá, kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní tìwà: dé lásìkò, fi fóònù sápò, kí ìyá tó ń gbé oúnjẹ wá fún yín dáadáa. Ẹni tó peni ló ń sanwó lójú tèmi, ẹlòmíì á ní kí kálukú san tiẹ̀, èyí tó bá wù yín, ẹ sọ ọ́ kí oúnjẹ tó dé. Má mu ọtí tí wọn ò ṣí lójú ẹ, tó o bá sì lọ tọ̀ tó o padà, ra òmíì. Owó oúnjẹ ò ra ara ẹnikẹ́ni, ẹni tó gbà lánàá tó ní òun ò ṣe mọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Sọ ọ́ létí ẹni tó o lọ bá pé ọ̀rẹ́ ẹ mọ ibi tó o wà, kó o wá wo ojú ẹ̀. Ọmọlúàbí á ní “ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó tiẹ̀ lè sọ pé òun náà sọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Èyí tó bá fa ojú ro tó ní o ò fọkàn tán òun, ṣé ọjọ́ mélòó lẹ ti mọra ná? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé obìnrin nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn, wọ́n lè fi ọmọbìnrin tàn yín lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ìlú kó jẹ́ pé àwọn gìrìpá lẹ máa bá níbẹ̀, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe tíransífà.

Tí wọ́n bá fipá bá èèyàn lò pọ̀, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́. Kó má wẹ̀, kó má fọ aṣọ yẹn, kí ọ̀rẹ́ mú un lọ sí ọsibítù OAUTHC n'Ífẹ̀ tàbí ọsibítù Wesley Guild n'Iléṣà lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa lò ó, oògùn tó ń dènà oyún náà kì í dúró deni. Ẹni tó bá ń fi fọ́tò ìhòòhò halẹ̀ mọ́ ẹ, má san owó, ya skírínṣọ́ọ̀tì gbogbo ẹ̀ pa mọ́, Cybercrimes Act ti 2015, òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mú irú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé tó o mọ̀ pé kò wù ẹ́, má sá pa mọ́ fún un, má kàn bílọ́ọ̀kù ẹ̀ bí ẹni jẹ gbèsè. Kọ ọ́: “Ẹ ṣé fún àná, mo gbádùn oúnjẹ yẹn, àmọ́ mi ò rí i pé àwa méjì máa bára wa lò.” Tó bá bẹ̀ ọ́, dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ, ìgbà yẹn ni kó o bílọ́ọ̀kù ẹ̀, kó o sì fi èébú náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ tí ò sùn yẹn, kó mọ nọ́ńbà tí kò gbọ́dọ̀ gbé.