Bí mo ṣe yẹ ìrora wò lára ajá tí a fún ní ketamine díẹ̀

Wọ́n gé ẹsẹ̀ iwájú abo ajá kan nílé ìwòsàn ẹranko wa torí jẹjẹrẹ ti ba egungun rẹ̀ jẹ́. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ṣọ́ ọ. Yàtọ̀ sí methadone, oògùn ìrora tó lágbára, ketamine tí a fi ń kun ẹranko lóorun wà nínú dírípù rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀n tó ń kun ajá lóorun o. Mílígíráàmù 0.5 fún kílò kan ló kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà máíkrógíráàmù 10 fún kílò kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ abẹ ń lọ, kó tó wálẹ̀ sí 2 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún odindi wákàtí 24. Ìwọ̀n kékeré yìí kì í jẹ́ kí iṣan ìmọ̀lára inú ọ̀pá ẹ̀yìn máa sọ ìrora kékeré di ńlá.

Mo ti jókòó tì í kí wọ́n tó gbé e wọlé abẹ. Mo mọ̀ pé tí mo bá pè é, ìrù rẹ̀ á máa lu ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìṣe ajá tẹ́lẹ̀, kí ni yóò fi díwọ̀n rẹ̀?

Òṣùwọ̀n ìrora ti Yunifásítì Glasgow ni mo lò. Ìṣe ajá ni a ń fún ní máàkì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Tó bá ti pé 6, ajá nílò oògùn sí i. Kò tíì lè rìn, nítorí náà mo yọ ìrìn kúrò: ó ku 20, ààlà sì di 5.

Ní wákàtí kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó dákẹ́ lọ lọ lọ. Kò ké, kò lá ojú ọgbẹ́. Ẹnìkejì mi ní ara ti tù ú. Ọkàn mi ò gbà á, torí ketamine lè mú kí ojú ajá ranjú, kó má fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó wà. Mo pè é. Ìrù ò mì. Mo fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú abẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń yí i ká. Lókè, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo dé apá àyà, awọ ara rẹ̀ gbọ̀n, ó fa ara sẹ́yìn. Mo fún un ní 2 fún ìyẹn, 1 torí ó dákẹ́, 3 torí ó ká ara rẹ̀ kò le koko. 6 ni! Mo sáré pe dókítà, ó fi methadone kún un.

Lẹ́yìn wákàtí kan, 2 péré ni. Mi ò lè sọ pé ketamine nìkan ló ràn án lọ́wọ́, nígbà tí oògùn méjì jọ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fi mọ síbẹ̀ nígbà tí dírípù parí. Mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí méjì-méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo pè é, ìrù lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fúnra rẹ̀ yí padà, ó fi ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé náà sùn.